Bàámi, Kọ̀ǹpútà Wa Pàápàá Ti Gbà Láti Sinmi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, kí n tó padà sórí àga, nítorí ilẹ̀ ọ́fíìsì wa le, orúnkún mi ò sì ṣe tuntun mọ́. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Bísí àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí gbogbo àwọn tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì wa, mo sì kí ààrò náà fúnra rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti di àgbà nínú ẹbí wa. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?

Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí fún Bàámi, torí tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á ní awò ojú àwọn sọnù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lórí àpò ìyẹ̀fun o, lórí àga tó ní ẹ̀yìn ni. Ẹ má fo ibì kankan, àní níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ta bá wọn. Bàámi, mo sì mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè: kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn? Ẹ fún mi láyè díẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Warri gbà mí dáadáa. Oòrùn ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa, tí òjò bá sì fẹ́ dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Ekete ni mo ń gbé, nínú yàrá kan tó dojú kọ ọgbà ewúro onílé mi, mo sì ń wọ kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lẹ́bàá èbúté láràárọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni onílé náà. Ó máa ń fún mi ní sitáàṣì àti ọbẹ̀ bánga lọ́jọ́ Àìkú, á sì dúró wo ẹnu mi títí màá fi gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, kó lè mọ̀ bóyá ọmọ Yorùbá lè jẹ ẹ́. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún méjì, síbẹ̀ ó ṣì ń wo ẹnu mi. Búrẹ́dì tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi dé, wọ́n ti jókòó lé e lórí lọ́nà, ó ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ẹ́, mi ò fún ẹnikẹ́ni.

Pijin ni gbogbo ayé ń sọ níbí, mo ti gbọ́ ọ débi pé mo ń fi í lá àlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lá àlá pé Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń pè mí, wọ́n ní, "Folake, come chop." Nígbà tí mo jí, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, nítorí Màámi ò gbọ́ Pijin, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ nílùú yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá Ìlàjẹ tó ń gbé létí odò máa ń kí mi ní Yorùbá tiwọn, mo máa ń gbọ́ ìdajì rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Pijin ni wọ́n fi ń dáhùn. Àárò ilé ń sọ mí, mi ò ní parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi, torí Bàámi ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé mo ń tẹ̀wé. Ọ́fíìsì wa ló ń bá àwọn tó kó ẹrù wá láti òkè òkun ṣe ìwé, kí wọ́n lè gbé kọ̀ńténà wọn jáde. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ìyálé: òun ló ń tọ́jú gbogbo ìwé, òun ló ń fi wọ́n ránṣẹ́, tó bá sì dákẹ́, gbogbo wa di òǹwòran. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, kò tó bisikíìtì, ibẹ̀ ló ti ń ronú. Ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ṣe ń ronú tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbóná tó. Fáànù kékeré kan ló yẹ kó máa fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n fáànù náà ti fẹ́ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ti kú pátápátá, páànù orí ilé wa ò sì ní àjà lábẹ́. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, kọ̀ǹpútà á gbóná kọjá ààlà, á sì pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Àsìkò yẹn gan-an làwọn oníbàárà wa máa ń fẹ́ kí ìwé wọn jáde.

A ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀dá lè ṣe. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Efe, ọmọ Urhobo ni, ó láàánú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àlàyé tó gùn. Ó ra yìnyín wá nínú abọ́, ó gbé e síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gbálejò. Yìnyín yọ́, omi dà sílẹ̀, èmi ni mo nù ún. Sísítà Blessing, akọ̀wé wa, fi òróró sí i lórí, ó sì pàṣẹ fún ẹ̀mí ìgbóná kó jáde. Bàbá Ochuko, ọlọ́dẹ wa, fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ fún bíi wákàtí kan, ó wá ní ó yẹ kẹ́nì kan fẹ́ òun náà. A ránṣẹ́ ra fáànù tuntun láti Èkó, wọ́n fi èyí tó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ ránṣẹ́. A dá a padà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí òmíràn.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun kan tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ètò kan wà téèyàn lè tò sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa fi tipátipá dá ọpọlọ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé iṣẹ́ tán o. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ètò yìí á ní kó dúró, kó má ronú. Á sùn díẹ̀, á jí, á sáré, á tún sùn, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú èèyàn ò lè rí i. Nígbà tó bá sùn, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á dín kù, ara rẹ̀ á sì tutù. Mo tò ó pé nínú ìgbà mẹ́wàá, kó fi méje ṣiṣẹ́, kó fi mẹ́ta sinmi. Iṣẹ́ tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe tẹ́lẹ̀ wá ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ohun tí a fi ra ìtutù nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago méjì lù, aago mẹ́ta lù, kọ̀ǹpútà ò kú. Mo lọ jó díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Ọ̀gá Efe rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ọpọlọ náà ò kọjá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bàámi, ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bíi tiwa, tó bá rí ohun tó yẹ kó pé tí kò pé, ẹ̀gúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Folake, who dey chop the thirty?" Inú ò bí i rárá. Ohun tó kàn fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń jẹ ọgbọ̀n yẹn, àti ìdí tí wọn ò fi yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ó fura sí aládùúgbò wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lódìkejì títì, ó rò pé mo ti fa wáyà sí i lábẹ́ ilẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Ó ní òun gbọ́, òun mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí òun rà ní odindi kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ lábọ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi iná fóònù wá wáyà lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ tí mo lọ bá oníbàárà kan tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ubeji, Ọ̀gá pe àna rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe. Àna yìí yọ ètò mi kúrò, ó dá ọgọ́rùn-ún padà fún Ọ̀gá, ó pé ṣánṣán. Wọ́n ní inú Ọ̀gá dùn, ó ní kí wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ọjọ́ yẹn gan-an la ní kọ̀ńténà òkú èkó kan tó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó ni ẹja náà ti wá jókòó sí ọ́fíìsì wa, ó ń làágùn, torí òkú èkó kì í dúró de ìwé. Ìwé mẹ́ta ló yẹ ká fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà bẹ́ sáré, ó parí ìkíní kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó mú ìkejì, ó kú. Wọ́n tan án, ó kú. Wọ́n tún tan án, ó kú kó tó jí tán. Sísítà Blessing tún mú òróró jáde.

Nígbà tí mo padà dé, àna ti lọ, ẹlẹ́ja ti dìde dúró, Ọ̀gá Efe ò sì lè wò mí lójú. Mo ṣí ara kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ kó tutù, mo tan án, mo dá ètò mi padà: méje fún iṣẹ́, mẹ́ta fún ìsinmi. Gbogbo wa dúró tì í bí ẹni tó dúró ti aboyún. Kò sáré, kò sì kú. Ìwé kejì jáde, ìwé kẹta jáde, ẹja sì kúrò nílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá Efe jókòó, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kúrú ju odindi ọ̀sán lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di oníwàásù ìsinmi. Ó ń sọ ọ́ fáwọn awakọ̀ tírélà, ó ń sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹbí. Gbogbo ọ́fíìsì ló kó o. Tí mo bá bá Bàbá Ochuko níbi tó ti ń hanrun lẹ́nu géètì, á ṣí ojú kan ṣoṣo, á ní, "I dey cool engine," á sì tún pa á dé. Sísítà Blessing ń tutù láti aago mọ́kànlá títí di aago kan. Nígbà tó yá, ó di dandan kí Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó ní kọ̀ǹpútà ń fi méje ṣiṣẹ́, ó ń fi mẹ́ta sinmi, ṣùgbọ́n àwa ń fi mẹ́ta ṣiṣẹ́, a ń fi méje tutù, ẹni tí ara rẹ̀ bá tutù jù nínú wa, òun á lé e lọ sínú oòrùn.

Bàámi, mo ti fi yín rẹ́rìn-ín tó. Ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi Bísí pè mí pé ẹ ṣubú níwájú ààrò, pé nígbà tí wọ́n fi máa gbé yín, pákó gbọọrọ tí ẹ fi ń yọ búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò jẹ́ kó bọ́. Wọ́n ní dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ẹ máa lo oògùn, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ ò ní sún mọ́ iná rárá: Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú. Ó ní tí ẹ bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má dìde mọ́. Ẹ gba ọjọ́ Àìkú, torí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ gbé àga síwájú ààrò, ẹ ní ẹ̀ ń sinmi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ ti ń yọ búrẹ́dì. Nígbà tí Màámi sọ̀rọ̀, ẹ na síńgílẹ́ẹ̀tì sí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Nígbà tí mo pè yín, tí mo sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wa fún yín, mo rò pé ẹ máa rí ibi tí mo ń lọ. Ẹ ní ọ̀lẹ ni kọ̀ǹpútà náà, àti pé ẹni tó kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni kọ́ òun náà. Ẹ ní ìsinmi pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ẹ ò sì kánjú. Ẹ wá ní owó fóònù mi ń lọ, ẹ pa á. Ó dùn mí, Bàámi. Ẹ̀rù sì bà mí ju bó ṣe dùn mí lọ. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè bá ẹni tó bí mi sọ tí kò ní jọ àfojúdi.

Ọ̀rọ̀ náà wá bá mi nínú bọ́ọ̀sì, láàárín èmi àti obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja lé ẹsẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ń kánjú kí búrẹ́dì tètè jáde kí n lè rí èyí tó gbóná jẹ? Mo ti páànù kan bọ inú ààrò kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tó wú. Ohun tó jáde, ajá aládùúgbò gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ẹ ò nà mí. Ẹ fi aṣọ bo ìyẹ̀fun tó kù, ẹ ní kí n jókòó tì í, kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ ní iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ ti ń fún ìyẹ̀fun nísinmi lójoojúmọ́, ẹ ò pè é ní ọ̀lẹ rí. Bàámi, ẹ ní ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn kò rí ẹni kọ́ òun. Ó rí yín.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ nǹkan kan lára ẹ̀rọ náà. Tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, kò ní fúnra rẹ̀ sọ pé ó rẹ òun. Tí a bá fi í sílẹ̀, á ṣe é títí á fi kú. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé síta nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ra búrẹ́dì Bàámi, ẹ̀yin ìyá tó ń gbé e lọ sílé ìwé àti sí gáréèjì, mo kúnlẹ̀ fún gbogbo yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ti Ọjọ́rú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ tèmi, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Tí ẹ bá rí Bàámi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ní Ọjọ́rú, tí wọ́n ń pè yín, ẹ ní ẹ ti yó. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi èènì sí i, ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé ìyẹn máa le fún yín.

Bàámi á ní èmi náà ńkọ́. Ọ̀gá Efe ti bi mí. Ó béèrè ìgbà tí mo dé ilé kẹ́yìn, mo ní ó ti lé ní ọdún méjì. Ó ní èmi tí mò ń fún ẹ̀rọ nísinmi, ta ló ń fún mi ní tèmi? Mo ní fáànù tuntun ò tíì dé, mi ò lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn yín lẹ́nu ara mi, ojú sì tì mí. Ọ̀gá ò jiyàn. Ó kọ ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fún mi, ó ní tipátipá ni. Nítorí náà, mò ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni màá wọlé. Tó bá di Ọjọ́rú, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì máa wà, àwa méjèèjì la jọ máa jókòó síwájú ilé, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá sú yín, ẹ máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ fún ọjọ́ kan.

Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, àti ẹni tó ń gé igi ààrò fún wa, ẹ ní kó má gbé igi wá ní Ọjọ́rú. Ọ̀gá Efe kí yín. Bàbá Ochuko náà kí yín, ó ní iṣẹ́ kan ni òun rán sí yín, pé kí ẹ cool engine. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná ààrò yín kú, kó má sì jẹ́ kó jó yín. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó dàgbà dàgbà, ẹ ó jẹ èrè gbogbo ọmọ tí ẹ tọ́, ojú wa ò ní ríbi lára yín.

Màámi, ẹ bá mi wo aago. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa lẹ́tà yìí gùn ni. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Bàámi ti jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, wọn ò pò, wọn ò yọ. Búrẹ́dì ò jó, ilé ò sì wó. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, ẹ padà sí òkè, kí ẹ tún un kà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́